Obì Gbàǹjà, Òkúta Ẹfun àti Òpópónà Márosẹ̀: Ọ̀nà Tí Ọrọ̀ Gbà Dé Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa béèrè ìbéèrè kan ní kíláàsì ìtàn ìjọ tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, láti ayé àwọn bàbá wa àgbà ni a ti ń ta obì fún àwọn Haúsá ní Ṣàgámù. Owó náà pọ̀. Kí ló dé tí kò fi di ilé iṣẹ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àlejò ló wá kọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà lójú ọ̀nà wa, tí àwọn ọmọ wa sì ń tò sẹ́nu géètì ní ìdájí láti wá iṣẹ́ òòjọ́?" Kí n tó lanu, ẹlòmíràn ti dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. Ó ní ègún ìran ni, pé ìlú náà ní májẹ̀mú tí a gbọ́dọ̀ fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì ṣe àmín.

N kò bá wọn ṣe àmín náà. Kì í ṣe pé mo sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ègún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí dókítà kò bá bi aláìsàn léèrè ohun tó jẹ lánàá, tó kàn mú bébà tó kọ oògùn, aláìsàn náà wà nínú ewu. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ìjọ yóò rán lọ sí Ṣàgámù, Ògìjò, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Òde Rẹ́mọ. Àwọn ọmọ ìjọ yóò bi yín ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn bi mí. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ohun tí mo mọ̀ nípa bí ọrọ̀ ṣe wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ, àti ibi tó gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sí ojú ìwọ̀n ayé. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tí ọmọ fi ìlọ́po méjì lówó ju bàbá rẹ̀ lọ kìkì nítorí pé àkókò ti lọ. Ojú ọrọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìran dé ìran. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ yí, ní àkókò tí James Watt gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ oníhooru rẹ̀ ní 1769, tí àwọn ilé ìrànwú sì ń pọ̀ ní agbègbè Manchester. Síbẹ̀, ohun tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé ìdàgbàsókè yẹn kò yára rárá. Ní ọ̀pọ̀ ọdún àkọ́kọ́, ohun tí owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń pọ̀ sí i kò tó ìdá 1 nínú 100 lọ́dún. Wọn kò sì dúró.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo olùṣọ́-àgùntàn mọ̀ lórí. Ohun tó bá ń fi ìdá 1 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dọọdún yóò di ìlọ́po méjì lẹ́yìn nǹkan bí 70 ọdún. Bí ó bá jẹ́ ìdá 2, nǹkan bí 35 ọdún ni. Bí ó bá jẹ́ ìdá 7, ọdún 10 péré. Ẹ ṣe ìṣirò kan náà fún iye ènìyàn: ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi ìdá 2.5 pọ̀ sí i lọ́dún yóò ní ìlọ́po méjì ẹnu tí yóò máa jẹun lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 28. Bí oko àti iṣẹ́ kò bá sáré tó ẹnu, oúnjẹ inú àwo yóò dínkù, ẹnikẹ́ni ì báà má tíì fi ìlú náà bú.

Ó yá, ká padà sílé.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ wà láàárín ọ̀sà àti òkè. Iyọ̀, ìbọn àti ọjà òyìnbó ń gòkè láti etí omi Ìkòròdú. Epo pupa, aṣọ òfì, àti ní àkókò ibi yẹn ẹrú, ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò jẹ́ kí ará òkè dé etí omi, wọn kò sì jẹ́ kí oníṣòwò Èkó gòkè. Àárín ni wọ́n dúró sí, oníbodè ń gba owó ibodè, pàràkòyí ń ṣètò ọjà. Ọgbọ́n ìṣòwò ni, ó sì mówó wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun lórí ìdènà ọ̀nà kò lè sùn fọnfọn. Nígbà ogun Ìjàyè, Rẹ́mọ ń jẹ́ kí ohun ìjà kọjá sí Ìbàdàn, inú sì bí àwọn Ẹ̀gbá. Wọ́n dó ti Ìkòròdú títí àwọn ọmọ ogun ìjọba Èkó fi tú wọn ká ní oṣù kẹta ọdún 1865. Wàhálà irú èyí ló mú kí àwọn ìlú kéékèèké Rẹ́mọ rí i pé kò sí èyí tó lè dá dúró. Ní 1872, Ọ̀fìn, Màkún àti àwọn ìlú mìíràn, mẹ́tàlá lápapọ̀, kó ara wọn jọ sójú kan, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Ṣàgámù. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú orúkọ rẹ̀ àti olóyè rẹ̀ wá. Títí di òní, bí ẹ bá bi ará Ṣàgámù ní ibi tó ti wá, àdúgbò rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá.

Mo ka èyí sí ohun ńlá nínú ìtàn ọrọ̀ ajé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ogun àti ti ọba ni a sábà máa ń kà á sí. Níbi tí ìlú mẹ́tàlá bá ti di ọ̀kan, ọjà wọn di ńlá, alágbẹ̀dẹ rí oníbàárà púpọ̀, owó ìṣọ́ ọ̀nà sì dínkù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, ọ̀nà sì là. Ní 1894, Akárìgbò Oyèbájò tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ àárín parí nìyẹn. Ohun tó tẹ̀ lé e tún burú sí i fún Rẹ́mọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mú ariwo ogun lọ́wọ́: wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè láti Èkó ní 1896, wọ́n sì gbé e gba ọ̀nà Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó di 1912, irin náà ti dé Kánò. Kò gba Rẹ́mọ kọjá. Ìlú tó ti fi ọ̀nà jẹun fún ọ̀pọ̀ ìran bá ara rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ro èyí dáadáa kí wọ́n tó wá ẹni tó ṣépè.

Obì ló gba Rẹ́mọ sílẹ̀ nígbà yẹn, mo sì fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Oríṣi obì méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Obì àbàtà, aláwẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ti ìbílẹ̀ wa, òun ni à ń lò níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Obì gbàǹjà, aláwẹ́ méjì, ni àwọn ará Òkè Ọya ń jẹ, tí wọ́n ń pè ní góórò. Ẹ̀sìn ìmàle kò jẹ́ kí wọ́n mu ọtí, nítorí náà obì ni wọ́n fi ń ṣe àlejò, òun ni wọ́n fi ń lé oorun àti ebi lójú ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ọkọ̀ òkun ló ń kó gbàǹjà láti Gold Coast àti Sierra Leone wá sí Èkó, kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé e lọ sókè. Àwọn àgbẹ̀ wa rí i, wọ́n sì gbìn ín: ní Agége, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ní Rẹ́mọ. Igi gbàǹjà kì í yára. Ó lè tó ọdún méje kí ó tó so, ó sì tún ń gba àkókò kí èso rẹ̀ tó pọ̀. Ẹni tó gbin gbàǹjà fún ọmọ rẹ̀ ló gbìn ín. Síbẹ̀ wọ́n gbìn ín débi pé kí 1950 tó dé, obì ilẹ̀ yìí ti lé obì òkèèrè kúrò lọ́jà. Bí àwọn onímọ̀ bá ń wá ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti fi ohun tí wọ́n ń ṣe nílé rọ́pò ohun tí wọ́n ń rà láti òkèèrè, kí wọ́n má ṣe lọ jìnnà. Kò sí ìjọba kankan tó pàṣẹ rẹ̀, kò sì sí báńkì tó yá wọn lówó.

Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ló ń ṣe é. Wọn á la apó obì, wọn á rẹ ẹ́ tàbí kí wọ́n kó o jọ fún ọjọ́ mélòó kan títí awọ funfun ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, wọn á bó o, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ṣíṣà: ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ lọ́tọ̀. Wọn á fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, wọn á tò ó, wọn á sì máa tú u wò láti ìgbà dé ìgbà kí ó má baà jẹrà. Ìyá kan nínú ìjọ tí mo ti sìn rí lè fi ọwọ́ kan obì nínú òkùnkùn kí ó sọ fún ọ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan fún un.

Ìdáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa bẹ̀rẹ̀ níbí. A kò lè wọ òwú títí a ó fi ran án, tí a ó sì hun ún. Irin gbọ́dọ̀ wọ iná. Kókó gbọ́dọ̀ di lílọ̀ kí ó tó di ohun jíjẹ. Gbogbo ìwọ̀nyí ń bẹ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí obì ṣe bọ́ láti ara igi ni à ń jẹ ẹ́, bí ó bá sì ṣe tutù tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ojú, ọwọ́ àti ìfọkàntán ni èrè inú rẹ̀ ti ń wá. Bí ìyá alóbì bá jèrè, agbọ̀n púpọ̀ sí i ni yóò rà. Kò sí ẹ̀rọ tí owó náà lè wọ̀. Manchester ní òwú. Rẹ́mọ ní obì. Ọgbọ́n wọn àti tiwa kọ́ ló yàtọ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ ni.

Mo mẹ́nu kan ìfọkàntán. Àwọn oníṣòwò Haúsá ń gbé Sábó ní Ṣàgámù, wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà ń sọ Rẹ́mọ bí ará ilé. Màígídá tó wà ní Sábó ń ṣe onídùúró láàárín ìyá tó ní obì àti alájàpá tó ń gbé e lọ sí Kánò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni obì yóò ti lọ kí owó tó dé. Ilé ẹjọ́ kọ́ ló ń mú owó náà padà wá. Orúkọ rere ni. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1999, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣàgámù ní àkókò orò lẹ́yìn ikú obìnrin Haúsá kan. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ilé, Sábó dà rú. Kò pẹ́ tí ìgbẹ̀san fi bẹ̀rẹ̀ ní Kánò, lórí àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá àgbà fi 70 ọdún kọ́ láìkọ ọ́ sínú ìwé, ọjọ́ díẹ̀ ló fi jóná. Òwò náà padà, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń wàásù ní ìlú tí ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ti pàdé, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn nípa àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn kò kan ọjà.

Níbo wá ni owó obì lọ? Díẹ̀ nínú rẹ̀ di pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Díẹ̀ di ilé ìsìn. Àwọn ìjọ Ẹlẹ́tò àti Áńgílíkà tó lọ́jọ́ lórí ní Rẹ́mọ, owó oko ló kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó pẹ́ jù nínú rẹ̀ ni èyí tó wọ orí ọmọ. Rẹ́mọ fẹ́ràn ìwé lọ́nà tó ń ya àwọn àlejò lẹ́nu. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909, jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ agégẹdú. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ọmọ náà sì jìyà kí ó tó kàwé. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣòwò lọ́rì àti èso oko títí gbèsè fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ó tó lọ sí London, tó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Ọkùnrin tó ti jẹ gbèsè lórí òwò èso oko ni ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ta ló san owó rẹ̀? Apá tó pọ̀ níbẹ̀ wá láti ọwọ́ olóko kókó. Ìgbìmọ̀ tó ń ra kókó fún ìjọba kì í san gbogbo iye tí ayé ń rà á fún àgbẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà àti ilé iṣẹ́. Obì kò sí lábẹ́ ìgbìmọ̀ náà, torí pé ilé ni à ń tà á sí, kì í lọ sí òkèèrè. Alóbì gba owó rẹ̀ pé, olóko kókó ní Oǹdó àti Ifẹ̀ ni wọ́n yọ tirẹ̀ lára rẹ̀. Ọmọ àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ olóko kókó nínú ìjọ Rẹ́mọ rí.

Lọ́dún kejì, 1956, Tai Ṣólàárìn dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe onígbàgbọ́. Kò fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń roko, wọ́n ń ṣe búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ kíláàsì tí wọn yóò jókòó sí. Ó yẹ kí ojú ti díẹ̀ nínú wa pé ẹni tí kò gba Bíbélì gbọ́ ló kọ́ àwọn ọmọ wa pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ìyà, nígbà tí Pọ́ọ̀lù tó ń pàgọ́ wà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 18 tí a ń kà.

Ní ti ilé iṣẹ́ ńlá, abẹ́ ilẹ̀ ló ti wá. Òkúta ẹfun tẹ́ lọ láti apá Ewékorò títí dé Ṣàgámù. Láti ṣe sìmẹ́ǹtì, wọn á wa òkúta yìí, wọn á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọn á sì sun ún nínú ààrò tí ooru rẹ̀ tó 1,450 ní ìwọ̀n Sẹ́sịọ́ọ̀sì. West African Portland Cement Company, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bá àwọn òyìnbó dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò ní 1960. Òkúta Ṣàgámù ń dúró.

Ohun tó jí i ni owó epo rọ̀bì. Ní àárín 1974 sí 1975, ìjọba Ọ̀gágun Gowon fẹ́ kọ́ bárékè, ọ̀nà àti ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe sìmẹ́ǹtì láti gbogbo ayé, títí iye tí wọ́n pè fi dé nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, mílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀ láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ ètò ààbò nìkan. Èbúté Èkó kò lè gba ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sójú omi, wọ́n ń dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, Nàìjíríà sì ń san owó ìdádúró fún wọn lójoojúmọ́. Sìmẹ́ǹtì dì nínú àpò. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òkúta ẹfun wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn alóbì Ṣàgámù, ìrìn wákàtí díẹ̀ sí èbúté náà. Ẹ bá mi ro ó: owó kò wọ́n, òkúta kò wọ́n, ẹni tó nílò sìmẹ́ǹtì kò wọ́n. Ètò ni kò sí.

Ní 1978 ni ààrò Ṣàgámù bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gba ẹ̀gbẹ́ Ṣàgámù kọjá, níbi tí ọ̀nà tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Bìní ti ya. Ohun tí rélùwéè gbà lọ́wọ́ Rẹ́mọ ní 1901, ọ̀dà dá a padà lẹ́yìn 77 ọdún. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ wa ti tún di àárín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò dùn fún ìgbà pípẹ́. Owó epo wálẹ̀. Ní 1986, ìjọba mú ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP wá. Dọ́là kan, tí kò tó náírà kan ní 1985, di nǹkan bí náírà 4 ní 1987. Ilé iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀rọ àti èròjà láti òkèèrè kò rí dọ́là rà mọ́. Ọ̀pọ̀ ní Ìkòròdú, Ìkẹjà àti Ìsọlọ̀ ti ilẹ̀kùn. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn ìjọ wa ń pọ̀ sí i bí ewé inú òjò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rí ilé ńlá olówó pọ́ọ́kú: ilé ìkẹ́rùsí tí ẹrù ti tán nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ti wàásù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, níbi tí ihò bóòtù ẹ̀rọ ṣì wà nínú kọnkéré lábẹ́ pẹpẹ. Àwọn tí ẹ̀rọ náà ń bọ́ tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tó jókòó síwájú mi, wọ́n ń gbààwẹ̀ fún iṣẹ́. A kì í sọ apá yìí nínú ìtàn ìdàgbàsókè ìjọ.

Láti nǹkan bí 20 ọdún sí ìsinsìnyí, ilé iṣẹ́ tún ti ń dé, nítorí ilẹ̀ Èkó ti wọ́n, ó sì ti kún. Ní 2011, Nestlé ṣí ilé iṣẹ́ Flowergate lẹ́bàá Ṣàgámù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Maggi. Ní 2018, ilé iṣẹ́ ọtí ńlá kan dé sí agbègbè kan náà. Àwọn tó ń ṣe táìlì wà, àwọn tó ń ṣe wáyà iná wà. Ní Ògìjò, àwọn tó ń yọ́ irin àti àwọn tó ń yọ òjé nínú bátìrì àlòkù wà, èéfín wọn sì ti di ẹ̀dùn ọkàn fún àwọn ará ibẹ̀. Òjé kì í ṣe ohun eré. Bí ó bá wọ ara ọmọdé, orí rẹ̀ ló ń bà jẹ́, orí tí a fẹ́ kó ìwé sí. Bí ẹ bá ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn níbẹ̀, tí àwọn ìyá bá ń gbé ọmọ tí kò lè kàwé wá fún àdúrà, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò.

Ohun tí mo máa ń wò nínú àwọn ilé iṣẹ́ yìí ni èyí: kí ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ wa, kí sì ni wọ́n ń kọ́ wa? Ọkà bàbà tí wọ́n fi ń ṣe ọtí, Òkè Ọya ló ti ń wá. Ẹ̀rọ ń wá láti òkèèrè. Ohun tí Rẹ́mọ ń tà ni ilẹ̀, àti apá àwọn ọ̀dọ́. Ilẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Oko obì tí a bá tà di ògiri. Apá ni ojoojúmọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa ti ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ òòjọ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ní gbogbo ìparí ọdún wọn á ní kí ó lọ sílé, wọn á tún pè é padà ní oṣù kejì bí ẹni tuntun. Ó sọ fún mi pé nígbà gbogbo tí mo bá wàásù lórí ìgbéga, òun ló máa ń ṣe àmín tó pariwo jù. Mo padà sílé, mo ka Jákọ́bù orí 5 lórí owó ọ̀yà, mo sì rí i pé láti ọjọ́ tí mo ti gba ìfàmìòróróyàn, n kò tíì wàásù láti ibẹ̀ rí. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wà nínú ìjọ wa náà, wọ́n ń san ìdámẹ́wàá dáadáa.

Korea Gúúsù kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wá lọ ní 1960. Ìyàtọ̀ tó pọ̀ láàárín wa báyìí kì í ṣe pé wọ́n ní ilé iṣẹ́ nìkan. Àwọn tó kọ́kọ́ dúró nídìí ẹ̀rọ àlejò níbẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe, lẹ́yìn náà bí a ṣe ń rọ ọ́, ìjọba wọn sì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn láìdáwọ́ dúró fún ìran kan. Òṣìṣẹ́ òòjọ́ tí a ń lé lọ́dọọdún kò lè kọ́ nǹkan kan. Ìyá alóbì tó lè mọ kòkòrò nínú òkùnkùn, 40 ọdún ló fi wà nídìí agbọ̀n kan náà.

Mo ti fẹ́ gbàgbé kíláàsì mi. Dípò kí n bá wọn jiyàn lórí ègún, mo fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí oníkálukú lọ bá àgbà kan ní ìdílé rẹ̀, kí ó béèrè ohun tí ilẹ̀ wọn jẹ́ ní 50 ọdún sẹ́yìn, ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀, àti ibi tí owó rẹ̀ lọ. Ẹni tó dáhùn láti ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà ló mú ìwé tó gùn jù wá. Oko obì bàbá àgbà rẹ̀ tóbi. Nígbà tí bàbá náà kú, ọmọ mọ́kànlá pín in. Ìpín kọ̀ọ̀kan kéré débi pé kò tó oko mọ́. Àwọn méje ta tiwọn fún oníle, àwọn méjì ṣì wà nílé ẹjọ́. Àwọn tó kù ta ìpín tiwọn, wọ́n sì fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni ìyá rẹ̀, tó ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba títí di òní.

Mo bi í bóyá ó ti rí ègún náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun ṣì ń wá a, ṣùgbọ́n kí n jọ̀wọ́ yá òun ní ìwé ìtàn rélùwéè tí mo mú wá sí kíláàsì.